Oògùn Wárápá tí Kò Yòrò

Ilé Oògùn Ìgun Ọ̀nà,
Ilé kẹrìnlá, Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àyẹ̀wò Oògùn,
Àjà kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ KÓ OÒGÙN WÁRÁPÁ ONÍPÁÁLÍ BÚLÚÙ KÚRÒ LỌ́JÀ

1. Lẹ́tà kẹrin mi rèé. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo tíì rí gbà ni pé ẹ wọn oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì pé. N kò bi yín léèrè ìwọ̀n. Mo ní kò yòrò. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

2. Aránṣọ kan ti ń ra oògùn yìí lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wárápá kò gbé e. Ní oṣù kejì, mo fún un ní páálí tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi ṣubú lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ọwọ́ tí ó fi ń gé aṣọ bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Dókítà ní kò lo oògùn rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka hóró oògùn láràárọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Aránṣọ náà wá da páálí òfìfo sórí káńtà mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá lò ó, ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni?”

3. Mo ju hóró àtijọ́ kan sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ju tuntun sínú ife kejì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àtijọ́ ti yòrò. Nígbà tí mo ń ti ìlẹ̀kùn, tuntun ṣì jókòó sísàlẹ̀ ife bí òkúta odò. Àbúrò mi obìnrin, olùkọ́ kẹ́mísìrì, fi maikirosikóòpù wò wọ́n: ti àtijọ́ rí bí abẹ́rẹ́, ti tuntun pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Ó ní èròjà kan náà ni, bí ó ṣe dì ló yàtọ̀. Ti àtijọ́ to ara rẹ̀ gbagada, omi ń ráàyè wọ̀ ọ́. Ti tuntun fún pọ̀ ṣìnṣìn, bí ó ṣe wọ ikùn ni yóò ṣe jáde.

4. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn ti yí bí àwọn ṣe ń sá èròjà náà gbẹ padà. Síbẹ̀, wọ́n ní ohun kan náà ṣáá ni.

5. Mo rí páálí àtijọ́ mẹ́ta fún aránṣọ náà lẹ́yìn odò. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò ṣubú mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n tán.

6. Ní òwúrọ̀ yìí, bíríkìlà kan tí ó ní àjà karùn-ún ni òun ti ń ṣiṣẹ́ wá ra oògùn kan náà. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ ẹ́, n kò tà á fún un. Ó ní mo ń fi àkókò òun ṣòfò. Ojú mi báyìí ló ṣe sọdá títì, tí ó jáde ní ilé oògùn òdìkejì pẹ̀lú páálí búlúù lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kéde lórí rédíò lónìí. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ ilé tí ó ń kọ́. Ìkéde yín nìkan ló lè bá a kí ó tó gun àkàbà lọ́la.

Ẹ ṣeun bí ẹ bá tètè ṣe é.

Èmi ni tiyín, tí sùúrù ti ń tán nínú mi,

Apoògùn Àgbà,
Ilé Oògùn Ìgun Ọ̀nà.