Ọjọ́ Tí Ohùn Ìyá Àdúrà Há

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ọ̀rẹ̀ níbí. Ṣé ara Màmá ti ń mókun díẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹ tún lọ béèrè Délé, ọkọ mi, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ní gbangba, kí obìnrin mìíràn tó ń dúró de ẹni tó lọ lè rí i kà.

Látìgbà tí wọ́n ti dá wa dúró níléeṣẹ́ aṣọ l'Ékòó tí a sì kó wá síbí, ẹ̀gẹ́ àwọn ará Ajue, abúlé kan nítòsí, ni mò ń rà tí mo fi ń yan gaàrí. Délé ń lẹ táyà létí títì. Ọjọ́ tó lọ, ó ní òun ń lọ wá táyà àlòkù ní Bìní. Kò padà. Àwọn aládùúgbò ní bóyá àwọn sójà ojú ọ̀nà ló mú un. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí lásìkò ìjọba sójà yìí, tó jẹ́ pé súgà lásán, iwájú sójà la ti ń tò fún un. Bí bọ́ọ̀sì kan bá ti dúró, màá sáré jáde. Gaàrí á jó.

Ìyá Àdúrà, àgbà tó ń darí ilé àdúrà wa, ló kọ́ wa ní ìṣàrò. Lọ́sàn-án a óò jókòó sórí ẹní, a óò dijú, wọn á máa fi ohùn tọ́ wa: kí a rọra mí, kí a fojú inú wo odò kan tó dákẹ́, kí a wo ẹni tí ọkàn wa ń fẹ́ létí rẹ̀. Èmi á rí Délé, á máa rẹ́rìn-ín bọ̀. Ara mi á balẹ̀. Kí n tó délé, kò ní balẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, òtútù mú Ìyá Àdúrà, ohùn wọn há. Wọ́n rọra sọ pé kò sí ẹni tí yóò tọ́ wa. Kí oníkálùkù dá jókòó, kó má wá ohunkóhun, kó kàn máa wo ohun tó bá wá.

Bàbá, ó le. Ẹsẹ̀ ń yún mi, eṣinṣin ń kùn, ìró ọkọ̀ ń wọ̀ mí létí. Mo wá odò yẹn, n ò rí i. Ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ni mo rí, tó ṣófo. Ibẹ̀ ni Délé máa ń fi agbádá rẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń lọ wá táyà, kí ló ń fi agbádá ṣe? Bàtà tó fi gbé mi níyàwó náà kò sí nílé. Mo sunkún lórí ẹní.

Mo bi Ìyá Àdúrà bóyá irọ́ ni ti odò. Wọ́n ní rárá, pé ìṣàrò tí wọ́n ti ń fi ohùn tọ́ni sọ́nà dà bí ìgbà tí wọ́n di aláìsàn lọ́wọ́ mú rìn. Àmọ́ ẹni tó dì í mú ló ń yan ọ̀nà. Ẹni tó bá dá jókòó, wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò bá a yí ojú rẹ̀ kúrò lára ohun tó ń rí.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ Délé tí wọ́n jọ ń lẹ táyà, mo bi í láìfepo-bọyọ̀. Ó wolẹ̀. Ó ní Délé wà ní Wàrì lọ́dọ̀ obìnrin kan, pé òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́.

Bàbá mi, ẹ má lọ sí gáréèjì mọ́. N kò tíì ń bọ̀ wálé. Mo ṣì ń dá jókòó lọ́sàn-án. Ìbínú ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wá, mo sì ń wò ó. N kò ní parọ́ fún yín pé ara mi ti balẹ̀.

Olúwa á gbé Màmá dìde. Ẹ̀yin méjèèjì á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Àjàyí àti gbogbo ará ilé. Bí wọ́n bá béèrè ọkọ mi, ẹ má ní ó sọnù. Ẹ ní ó lọ ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́