Ìwé Kejì Ti Wọ Ikùn Èkúté

Láti ààfin Ọ̀túnba Oyèkànmí, Baba Ìsàlẹ̀ gbogbo ọdẹ, Alága gbogbo àgbẹ̀, ẹni tí ó ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Abúlé Ìdí-Òro.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, ọdún 1992.

Ọbalọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ọba ṣe ń kí ìlú rẹ̀. Mo kí ilé tí o ń gbé ní Amukoko, mo kí onílé, mo kí àgbàrá tí ó máa ń bá yín wọlé nígbà òjò láì kan ilẹ̀kùn. Ṣé tírélà Àpápá kò tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀? Ọlọ́run tí ó ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìẹ yóò máa ṣọ́ ọ láàárín wọn. Ìyá rẹ wà, ara rẹ̀ le. Rekiat àbúrò rẹ wà, ó gbọ́n, ó lẹ́wà, ìwà rẹ̀ ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo abúlé, ó sì yẹ kí o ra bàtà fún un. Èmi náà wà.

Àwọn ẹrù tí o fi rán Dickson tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dé láyọ̀: àpótí mẹ́fà tí ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, agolo oògùn eku kan tí wọ́n ya agbárí òkú sí lára, ìwé méjì tí wọ́n fi pín-ìn-nì gún pọ̀, àti fọ́ọ̀mù kan. Dickson jẹ ẹ̀bà, ó mu omi, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun, ó lọ. A kò bi í léèrè ohunkóhun. Ṣé irú èmi ni yóò máa bi ọmọ Àjégúnlẹ̀ léèrè bí a ṣe ń pa eku?

Ìwé kìíní ní kí a to àwọn àpótí náà sí ìdí ògiri ilé ìdáná, sí ẹ̀bá àká àti ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́, níbi tí èkúté ń gbà kọjá. Ó ní kí a má tíì fi oògùn sí i. Ó ní àgbàdo tí ó mọ́ ni kí a máa dà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má lu eku, kí ẹnikẹ́ni má pariwo, nítorí èkúté máa ń fura sí ohun tuntun, àfi kí a kọ́kọ́ fi oúnjẹ tù ú lójú kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní kí a má dáwọ́ dúró títí a ó fi ka ìwé kejì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé bá ti sọ, abẹ gé e.

Ibi tí ó ti wọ́ ni pé ìwé kejì ti wọ ikùn èkúté. Orí àjà ni ìyá rẹ tọ́jú rẹ̀ sí, òun àti agolo oògùn. Nígbà tí a gun òkè lọ wò ó, pín-ìn-nì nìkan ni a bá. Mi ò mọ̀ bóyá èkúté lè kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwé tí ó kàn wọ́n. Báyìí, a ò mọ ọjọ́ tí oògùn yóò kàn, a ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, ìyá rẹ sì ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣí agolo náà nínú ilé tí òun ti ń sin adìẹ mẹ́rìnlá. Ìwé kìíní nìkan ni a ní, òun náà ni a ń tẹ̀ lé. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí a ti ń bọ́ wọn.

Ti fọ́ọ̀mù, má da ara rẹ láàmú, mo mọ fọ́ọ̀mù. Ṣebí ṣáájú ọdún tuntun ni ìjọba wá ka ènìyàn, tí wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Bí mo ti rí i tí wọ́n fa ìlà, tí wọ́n kọ ibi, ọjọ́ àti iye sí i, mo ti mọ̀ pé ti èkúté ló kù. Mo pàṣẹ kí adìẹ àti ewúrẹ́ má jáde lọ́jọ́ náà kí wọ́n má bàa da ètò ìjọba rú, mo gbé àga síwájú àká, mo sì ka èkúté bí wọ́n ṣe ń wọlé wá jẹun. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n, láì ka ọmọ ọwọ́. Èyí tí ìrù rẹ̀ gé, mo kọ ọ́ ní olórí ilé. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè orúkọ oníbàárà, Ìrù-Gígé náà ni mo ní kí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń jẹun ni oníbàárà, èmi kò jẹ nǹkan kan.

O lè fi tẹlifóònù orí tábìlì ọ̀gá rẹ sọ ohun tí ó wà nínú ìwé kejì fún wa. A ò ní tẹlifóònù, ṣùgbọ́n wáyà iná ti dé ilé tíṣà, kí o gba inú ìyẹn sọ ọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti fi ẹnìkan sí ìdí òpó kí ó máa gbọ́. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan àfi ẹyẹ. Bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni o fi ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ṣé o bi mí pé àgbàdo wo ni a fi ń bọ́ wọn? Èyí tí ó wà nínú àká tán ní ọjọ́ kẹwàá. Irúgbìn ni a wá bọ́ sí, èyí tí a so rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ ẹ. Ìdì mẹ́tàdínlógún ni, ó ti ku mẹ́ta. Òjò sì ti ń kù lókèèrè. Bí mẹ́ta yìí bá tán, a ò ní nǹkan tí a ó gbìn lọ́dún yìí, a ò sì rí ẹni tí a ó tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí èkúté ti jẹ ti àwọn ará abúlé náà. Ìyá rẹ ní kí a dáwọ́ dúró. Mo ní tí a bá dáwọ́ dúró, mọ́kànlélógójì tí a ti fi oúnjẹ pè jọ yìí yóò gun ààrò lọ bá ìdì mẹ́ta náà fúnra wọn. Ó lọ ń kó eérú ààrò.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń há mi lọ́fun. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí mo wá kí ọ, tí Dickson pàdé mi ní ibùdókọ̀ Coconut tí ó sì mú mi dé ibi iṣẹ́ yín ní Àpápá, mo bá ọ nínú aṣọ iṣẹ́ ofaróòlù, pẹ̀lú ìbomú, o ń kó òkú èkúté jáde nínú ilé ìkẹ́rùsí lójú gbogbo ayé. Mo ní ilé ọdẹ ni mo bí ọ sí, bàbá mi pa ẹfọ̀n, èmi pa ìmàdò, ìwọ wá ń pa eku gba owó oṣù. Mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ tí o rà. Ọjọ́ yẹn náà ni mo wọ mọ́tò padà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára, ọmọ mi, mo kó o jẹ. Máa bọ̀ nílé. Má rán Dickson. Ìwọ gan-an ni kí o wá, tòun ti ìbomú rẹ, kí òjò tó dé.

Mi ò tọrọ owó. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ogún náírà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ kí ó sìn ọ́ wá, pẹ̀lú tábà mi, àti bàtà Rekiat, nọ́ńbà méjìdínlógójì, aláwọ̀ pupa.

O kò ní fẹsẹ̀ kọ lọ́nà. Níbi tí o bá dẹ pàkúté sí, ire ni yóò kó sí i. Ohun tí ń jẹ irúgbìn ẹni láti inú ilé kò ní jẹ tìrẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀túnba Oyèkànmí. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ká lẹ́tà náà o. Rekiat ni. Ta ló ń jẹ Ọ̀túnba nílé wa? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo?

Ìkànìyàn èkúté yẹn, òótọ́ ni, èmi ni mo di àwọn ewúrẹ́ mú. Èmi náà ni mo wà nídìí òpó tíṣà láti ọjọ́ Ajé, ọrùn ń ro mí. Ìdì mẹ́ta yẹn, òótọ́ ni, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ṣùgbọ́n Bàbá ò ní kí ẹ wá. Ohun tí wọ́n pè mí láti kọ ni pé àlàáfíà ni a wà, àgbàdo kún àká, a ò rí èkúté kankan mọ́, kí ẹ jókòó sí Èkó yín. Mo ní ó dáa, sà. Mo kọ tèmi. Nígbà tí wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, mo tẹjú mọ́ bébà, mo ń ka ọ̀rọ̀ tiwọn padà fún wọn, wọ́n sì ń mi orí. Ẹ mọ̀ mí. Kíláàsì Fọ́ọ̀mù tú ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ń gbé lọ́fun mi. Mo ti fi ikọ́ wọn lé olè kúrò nídìí ọsàn rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé, ẹ má sọ pé wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, èmi ni mo bá wọn kó o jẹ. Ẹ ní ẹ kàn yà ni. Awakọ̀ tí ń kó pákó lọ sí Coconut ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bí yóò bá fi dọ́wọ́ yín, ìdì irúgbìn yóò ti ku méjì.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò fi ẹnu ara mi sọ. Ọjọ́ tí mo ka ìwé kìíní sí Bàbá létí, tí mo dé ibi tí ó ní kí a fi oúnjẹ tu èkúté lójú kí oògùn tó dé, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní bí bàbá àwọn ṣe máa ń da èso sídìí igi fún ẹtu nìyẹn, fún ọjọ́ méje gbáko, kí wọ́n tó gun ègùn ọdẹ lórí igi dè é. Wọ́n wo apá ọ̀nà ibi tí mọ́tò Èkó ń gbà, wọ́n wá ní ọdẹ mà ni ọmọ yẹn.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún yín.

Èmi, Rekiat.