Ẹ̀rọ Omi Iwájú Ilé Màmá

                                        Orí Òrùlé Ìyá Ìyàwó Mi,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Má yanu sí àdírẹ́sì òkè yẹn, màá débẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Ara tèmi le, ojú ló kàn ń tì mí.

O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣí àwọn ẹ̀rọ omi ẹ̀bá títì wò lóṣooṣù, àwọn tí àwa panápaná máa ń so rọ́bà mọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ti iwájú ilé Màmá, ìyá ìyàwó mi, nìkan ni mi ò kì í dé. Mo ti ṣèlérí pé màá bá wọn tún òrùlé tó ń jò ṣe, mi ò sì tíì ṣe é, o sì mọ ẹnu Màmá. Ni mo bá ń jókòó sí ọ́fíìsì, mò ń kọ "Ó dára" síwájú ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò ju ọdún méjì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó bá Màmá pààlà. Omi inú ọkọ̀ wa tán, iná sì ti ń lá ògiri Màmá. Ọ̀gá ní kí n sáré ṣí ẹ̀rọ omi yẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé á ti dógùn-ún, mo sì ti ń ro ohun tí màá sọ fún ìyàwó mi. Mo gbé ìkòkò òdòdó Màmá kúrò lórí ẹ̀, mo fi sípánà yí i, omi tú yàà. Gíríìsì tuntun ló wà lára ẹ̀.

Iná kú. Pákó káfíńtà jóná, àmọ́ kò sẹ́ni tó fara pa. Màmá wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ ọmọ mi, èmi ni mò ń jí omi bù níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé fún òdòdó mi. Sípánà tó o gbàgbé síbí nígbà tó o wá gbẹ̀yìn ni mo fi ń ṣí i, mo sì ń fi gíríìsì pa á kó má baà dún. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń retí kó o wá mú mi."

Èmi tó yẹ kí n mú wọn, mi ò lè gbójú sókè. Mo ti jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó sì ti gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi. Bá mi kí gbogbo ilé. Màmá ń kí ẹ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ti gbé àkàbà kúrò, wọ́n ní ó dìgbà tí òrùlé bá parí.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ tí kò ríbi sọ̀ kalẹ̀,
Sípánà