Sìmẹ́ńtì Tí Wọ́n Mú Sùn

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàṣì 1927

Kò sí bí mo ṣe lè fi í pa mọ́ fún Jacob ọkọ mi mọ́: àtẹ́rígbà kọ́ńkéré orí ìlẹ̀kùn yàrá tuntun ti lanu. Láàárín gbùngbùn. Òun wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúnà, ó ń retí kí n kọ̀wé pé èmi àti Àpèkẹ́, ọmọ wa, ti kó wọlé. Abẹ́ ibẹ̀ lọmọ yóò máa rákò kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàṣì

Ògúndèyí bíríkìlà ló fà á. Jẹ́-ó-sùn ni mo ń pè é nínú mi. Ó po sìmẹ́ńtì nírọ̀lẹ́, ó fi ewé bò ó, ó lọ sílé. Ilẹ̀ mọ́, ó ti gan — ó da omi lé e, ó fẹsẹ̀ pò ó bí amọ̀. Mo ní sìmẹ́ńtì kì í sùn.

Ó ní, "Ìyàwó, amọ̀ tó bá sùn ló ń lẹ̀ mọ́ra. Ṣé ìwé ló kọ́ ilé tí wọ́n bí ọkọ rẹ sí ni?"

Mo ní kí wọ́n máa wọ́n omi sí èyí tí wọ́n bá ti mọ, kó má baà là. Ó ní ṣé ẹ̀fọ́ ni. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tutọ́.

Ọjọ́rú, 9 Máàṣì

Àpèkẹ́ ń hu eyín. N ò sùn.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì

Mo po ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì tèmi, mo fi mọ bíríkì kékeré kan lójú ẹsẹ̀, mo fi àpò tútù bò ó. Bí wọ́n ṣe ṣe é nílé ìwé wa ní Ìbàdàn nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń mọ ìkùdu omi òjò.

Ọjọ́bọ̀, 17 Máàṣì

Mo gbé tèmi àti èérún ti Jẹ́-ó-sùn síwájú bàbá ọkọ mi. Ọ̀bẹ ò ran tèmi. Ti Jẹ́-ó-sùn, Baba fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó di iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n gbọn ọwọ́ wọn nù.

"Ìyá Àpèkẹ́, òótọ́ lo sọ. Àmọ́ n ò ní torí ọ̀rọ̀ obìnrin dójú ti ọmọ ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n mọ̀, wọn ò sì ní ṣe nǹkan kan. Èyí kó mi nírìíra ju àìmọ̀ Jẹ́-ó-sùn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Máàṣì

Jẹ́-ó-sùn ti rẹ́ ojú ibi tó là lára àtẹ́rígbà, ó kùn ún lẹ́fun. Funfun báláú. Ìyá ọkọ mi ti tẹ́ ẹní ọmọ sínú yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Máàṣì

Mo pọn ọmọ, mo lọ tẹ wáyà sí Jacob ní sitéṣọ̀n:

Àtẹ́rígbà ti là, wọ́n fi ẹfun bò ó. Baba ní ká kó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì.