Mama Ẹ-Tún-Bèèrè, Ògbufọ̀ Ilé Ìwòsàn

Ọdún 1951 ni wọ́n bí ìyá wa ọ̀wọ́n, àkọ́bí bíríkìlà tí ògiri rẹ̀ kì í wọ́, ọmọ aránṣọ tí kì í bá oníbàárà jà. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà kí bàbá wọn tó já láti orí àkàbà. Ọjọ́ náà ni ilé ìwé pin. Aṣọ aláṣọ ni wọ́n ń fọ̀ títí ọṣẹ fi bó wọn lọ́wọ́.

Lọ́dún 1974 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà. Lọ́dún 1981 ni tọkọtaya náà kó lọ sí ìlú òkèèrè, níbi tí àwọn tó gbọ́ èdè wọn kò kún ilé kan. Abọ́ mẹ́ta ló ń gba òjò nínú yàrá tí wọ́n gbà. Ìyá wa rí iṣẹ́ sí yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn.

Lọ́dún 1986, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Ìyá wa sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọmọ ìbílẹ̀ ìlú náà. Ó bèèrè pé báwo ni ara. Bàbá wolẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní, "A dúpẹ́, ara le." Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn: èèyàn kì í fi ìrora dáhùn ìkíni. Wọ́n ń retí kí dókítà jókòó, kó wá bèèrè ohun tó gbé wọn wá. Lójú tirẹ̀, ìbéèrè ti parí. Ó fún wọn ní oògùn ara ríro, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá wa náà dákẹ́, kí wọ́n má bàa já ọkọ wọn nírọ́ níwájú àjèjì. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ abẹ ló gbà wọ́n là.

Nígbà tí Bàbá lajú, Ìyá wa ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, 'a dúpẹ́' yín fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó."

Bàbá ní, "Ṣé kí n wá máa fi àìsàn kí àlejò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ń dun Bàbá lójú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá wa kò gbàgbé. Wọ́n wọ ilé ìwé alẹ́ pẹ̀lú bàtà tó ń mumi. Lọ́dún 1992, ilé ìwòsàn náà gbà wọ́n ní ògbufọ̀. Wọ́n á sọ fún àwọn dókítà pé, "Ìkíni lèyí tí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ fa àga, ẹ jókòó, ẹ tún bèèrè." Bí orúkọ ṣe jáde nìyẹn. Dókítà ọjọ́sí, tó ní kí Bàbá máa lọ, ló kọ́kọ́ fa àga. Wọn kì í dá àwọn aláìsàn sí: "Dókítà kì í ṣe àna yín. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín."

Wọ́n sin Ọlọ́run tọkàntọkàn. Ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń sin àwọn arúgbó ìjọ lọ gba ìtọ́jú.

Lóṣù tó kọjá, àìsàn dá Ìyá wa gúnlẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan bèèrè pé báwo ni ara. Ìwà kì í ṣe ẹ̀wù tí à ń bọ́; Ìyá wa ní, "A dúpẹ́." Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Mama, a ti kí ara wa tán. Níbo ló ń dùn yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ara ti tù wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn náà kò lọ. Ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Bàbá nígbà tí wọ́n sun oorun ìkẹyìn.

Wọ́n fi Bàbá wa sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, tí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Mama Ẹ-Tún-Bèèrè, ẹ sùn un re. Ìrora ò sí níbi tí ẹ lọ. Bí wọ́n bá bi yín níbẹ̀, tí ẹ ní "a dúpẹ́", òtítọ́ ni.