Bátìrì Tí Mo Gbé Sí Ẹ̀bá Iná

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́ láti mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní Ṣómólú. Mo ní kí olùkọ́ wa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kíláàsì. Gbangba ni ẹ ti fi ẹ̀sùn kan Ṣadé, ìyàwó àbúrò mi Gbádébọ̀. Gbangba náà ni mo fẹ́ ti tú u sílẹ̀.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí ní Ìlàjẹ ti Bàrígà níbí. Mo ṣì ń yan ẹja. Ẹ mọ̀ pé Gbádébọ̀ ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja láàárín ọ̀sà wá fún mi. Fóònù kì í já gaara níbẹ̀, ló fi ra wókì-tókì méjì, rédíò kékeré tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Tó bá kù díẹ̀ kó dé, á ní kí Ìyá Eléèéfín dáná o, agbọ̀n mẹ́fà ń bọ̀, kí n má sì fi èéfín pa ará Bàrígà. Èmi náà á ní kó panu dé kó wa ọkọ̀ ẹ̀. Gbogbo obìnrin etí omi á máa rẹ́rìn-ín.

Èmi ló ń tọ́jú bátìrì. Ó kìlọ̀ fún mi: ṣájà tó bá a wá nìkan ni kí n máa lò, kí n nù ún gbẹ kó tó gba iná, kí n má gbé e sún mọ́ àdìrò, èyí tó bá sì wú, kí n má lò ó mọ́. Mo ní háà, ọmọ tí mo pọ̀n ti di olùkọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ ìjì yẹn, iná ìjọba ò dé fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì bàjẹ́. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń to òkúta rédíò Bàbá sórí páànù nínú oòrùn, tí rédíò á sì tún sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì. Oòrùn ò sí. Mo gbé bátìrì Gbádébọ̀ sí etí àdìrò ẹja, mo lọ ṣa igi. Nígbà tí mo dé, ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Àwòrán iná tí wọ́n fa ìlà dábùú lórí wà lára rẹ̀. Mo rò pé ó ń sọ pé agbára wà nínú rẹ̀ ni. Mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ wọ inú rédíò Gbádébọ̀. Rédíò tàn. Nígbà tí Gbádébọ̀ wá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi mí bóyá ó ti gba iná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àárọ̀ yẹn náà ni Ṣadé sọ fún un pé tó bá lè jáde nínú òjò yìí, kó máa lọ jẹun lọ́dọ̀ ẹja. Gbádébọ̀ ní ẹja mọ oúnjẹ sè jù ú lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi pínyà.

Ìjì dé lọ́sàn-án. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní aago mẹ́rin. Ó ní ọkọ̀ ń gba omi, ó ní òun wà ní... rédíò sì dákẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wà lórí omi, wọ́n ní rédíò. Wọ́n ní ká ní àwọn gbọ́ ibi tó wà ni, àwọn ì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá lọ́jọ́ kẹta, wókì-tókì ṣì so mọ́ ìgbànú rẹ̀. Ẹ̀yìn rédíò náà ti là, bátìrì ti wú bíi búrẹ́dì tí omi wọ̀. Mo yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Níbi ìsìnkú, ẹ ní ẹnu Ṣadé ló pa á, kó má tẹ ilé yín mọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Láti ìgbà náà, tí aago mẹ́rin ọ̀sán bá lù, ọwọ́ mi á lọ tan rédíò tèmi. Á máa hó ṣììì. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, síbẹ̀ mo máa ń dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tó wà ló kù kó sọ. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ́fíìsì ní Pámgróòfù bá tẹ wókì-tókì tiwọn bí mo ṣe ń kọjá, mo máa ń yíjú bí ẹni tí wọ́n pè.

Ọmọ ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní yunifásítì (orí mi ń wú bí mo ṣe ń kọ ọ́), ló túmọ̀ àwòrán ara bátìrì náà fún mi: kí a má gbé e sún mọ́ iná. Ó ní bátìrì yìí kì í ṣe òkúta rédíò. Ooru ń bà á jẹ́, ó tilẹ̀ lè gbiná mọ́ èèyàn lára. Kò mọ ìdí tí mo fi bi í. Ó máa mọ̀ báyìí.

Ìyá mi, ẹnu Ṣadé kò pa ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ni. Mo ti ka lẹ́tà yìí fún un. Ó sunkún, kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ní Sátidé, òun àti àwọn ọmọ Gbádébọ̀ yóò dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ máa wá tì mọ́ ìta, mo gbà, títí ẹ ó fi ránṣẹ́ pè mí.

Kí Olúwa tù yín nínú, kí ojú yín má rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Mo ti yọ bátìrì kúrò nínú rédíò tèmi. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi. Aago mẹ́rin ti kọjá.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, ní Bàrígà.