Àpótí Tó Ní Ara Mi Le

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé àlàáfíà lo wà, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í ráyè parọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ nígboro. Ìyá rẹ ń kí ọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi dé ìdí bírò.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí ọ́fíìsì yín tì dànù, tí o gbé wálé fún mi, ni. O fa ìlà sínú rẹ̀ bí ìwé ìṣirò, o ní kí n máa tẹ iye ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì bá wọ̀n lára mi síbẹ̀ láràárọ̀, pé àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá yóò sọ bí ara mi ṣe rí. Oṣù mẹ́rin ló fi ń sọ pé: "Ara yín le, Bàbá." Mo gbà á gbọ́ ju nọ́ọ̀sì lọ, ẹni tó ń mi orí ṣáá bí alángbá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń fi aṣọ nu eruku ojú bọ́tìnnì, ni gbogbo ìdáhùn bá pòórá, tí àmì ìdọ́gba àti lẹ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba ojú rẹ̀ kan. Mo rò pé mo ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ni. Mo da ìbora bò ó kí àlejò má baà rí ìhòòhò rẹ̀, mo sì sáré pe ọkùnrin atẹ̀wé tó wà níkorítá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní fọ́múlà nìyẹn, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, pé kí n kúkú jókòó kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà. Èmi tí mo ka ìṣirò dé kíláàsì karùn-ún girama, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àpótí ìpíndọ́gba, tó ń ṣírò àárín gbogbo iye tí mo tẹ̀, ní àmì ìdọ́gba, ó tọ̀nà. Àpótí ìsàlẹ̀ ńkọ́? Kò ní àmì kankan. Gbogbo àwọn yòókù bọ́ aṣọ, òun nìkan dúró gbagidi: "Ara yín le, Bàbá." Ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo dán an wò. Mo tẹ ẹgbẹ̀rún kan, ara mi le. Mo tẹ òdo, ìyẹn ni pé mo ti kú, ara mi ṣì le. O káre, dókítà. Lọ́jọ́ ìsìnkú mi, kọ̀ǹpútà yìí ni kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ìdágbére.

Ìyá rẹ ní òun mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pé kí àníyàn má baà pa mí lo ṣe ṣe é, kí n lè máa sùn. Mo sùn lóòótọ́. Ìpíndọ́gba oṣù yìí jẹ́ ọgọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó yẹ kí n ti rí dókítà gidi, èmi sì ń fi àpótí rẹ bá a jiyàn.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ àti owó oògùn ránṣẹ́, tàbí kí o kúkú mú un wá fúnra rẹ. Mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ rẹ́ nínú àpótí náà, mo sì kọ tèmi: "Ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé." Kò ní àmì ìdọ́gba. Tí o kò bá wá, yóò ṣì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láràárọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, yóò sì jẹ́ kí o bá mi nílé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ara rẹ̀ le.